Ta Ni Yóò Sanwó Dókítà Ajá?

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbangba tí a ṣe ní Ìta-Ògbólú, Ìjọba Ìbílẹ̀ Àríwá Àkúrẹ́, Ìpínlẹ̀ Òǹdó

 

Mo gbọ́ pé nígbà tí wọ́n ka àkọlé ọ̀rọ̀ mi sétí àwọn kan, ẹ̀rín ni wọ́n fi dáhùn. Wọ́n ní ẹni tí kò rówó ra oògùn ibà fún ọmọ rẹ̀, ṣé òun náà ni wọ́n máa ní kó lọ sanwó dókítà ajá? Mi ò bínú sí wọn. Ìbéèrè gidi ló wà nínú ẹ̀rín yẹn, mo sì máa dáhùn rẹ̀ kí n tó jókòó.

Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò nìyí. O ń sin ajá kan, àìsàn dé sí i. Dókítà ẹranko ní Àkúrẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ó lè sàn, àmọ́ owó tó pè ju iye tí o fi ra ajá náà lọ. Ṣé ọ̀ranyàn ni kí o san án? Bí o kò bá sì san án, irú ènìyàn wo ni ọ́?

Kí a tó máa rò pé àwa nìkan ni owó yìí ń dùn, ní Ìlú Ọba, ọ̀rọ̀ náà ti di ọ̀rọ̀ ìjọba. Àjọ CMA, tó ń ṣọ́ àwọn oníṣòwò níbẹ̀ kí wọ́n má baà rẹ́ àwọn aráàlú jẹ, bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí owó àwọn dókítà ẹranko ní 2023, wọ́n sì sọ ọ́ di ìwádìí kíkún ní 2024. Wọ́n rí i pé láàárín 2016 sí 2023, owó tí wọ́n ń gbà ti fi ìdá 63 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i. Wọ́n tún rí i pé ilé ìwòsàn ẹranko tó wà lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá kò ju nǹkan bí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ ní 2013, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá ọgọ́ta. Ní Sweden, láti 1924 ni wọ́n ti ń ta adójútòfò fún ajá. Àwa tó jẹ́ pé nítorí ọlọ́pàá ojú ọ̀nà nìkan ni a ṣe ń ra adójútòfò ọkọ̀, a ò tíì dé ibẹ̀. Àpò ẹni ni adójútòfò wa.

Ẹ jẹ́ ká padà sílé. Ní Ìta-Ògbólú níbí, ajá ọdẹ ni àgbà nínú gbogbo ajá. Ọdẹ tí ẹlẹ́dẹ̀ igbó bá ya ajá rẹ̀ nínú kì í fi í sílẹ̀ sígbó. Á gbé e kọ́ èjìká wálé, á fi omi gbígbóná nu ojú ọgbẹ́, á rán an, á sì fi ewé tó mọ̀ dí i. Ẹ̀yin ọdẹ lè sọ èyí jù mí lọ. Kò sẹ́ni tó ń béèrè lọ́wọ́ ọdẹ pé èló ni ajá yẹn máa tà lọ́jà kó tó tọ́jú rẹ̀. Ajá ti ṣiṣẹ́ fún un, ó ti lé ẹran, ó ti gbó nígbà tí paramọ́lẹ̀ wà lójú ọ̀nà, gbèsè ló jẹ ajá. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí mo gbà gbọ́, ibí yìí ni mo ti kọ́ ọ, kì í ṣe ní Ìlú Ọba.

Ajá ìṣọ́lé ni ti rẹ̀ ṣòro. Bingo ni orúkọ rẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ilé, àfi ilé tí olówó rẹ̀ bá ní ọ̀rọ̀ pẹ̀lú aládùúgbò, tó wá sọ ajá ní òwe kó lè máa fi pè é lójú ẹni tó ń bá wí. Ìṣẹ́kù oúnjẹ ni Bingo ń jẹ, abẹ́ ọkọ̀ ló ń sùn, eégbọn kún etí rẹ̀. Bí olè bá yọjú, òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ ṣá. Ọjọ́ tí Bingo bá ṣàìsàn, wọ́n á ní kí ọmọkùnrin kan fi ọ̀kadà gbé e lọ já sílẹ̀ lójú ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́. Ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ rò pé òun ti yanjú ọ̀rọ̀. Ó ti gbé e fún ẹlòmíràn ni.

Èyí tó wá dé láìpẹ́ ni ajá òyìnbó tí àwọn ọ̀dọ́ ń bí tí wọ́n sì ń tà ní Àkúrẹ́. Owó ajá kì í gbó, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wí, òwò náà sì ń mú owó wá. Ọ̀pọ̀ ń ta ọmọ ajá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, láìní káàdì abẹ́rẹ́ kankan. Ẹni tó rà á á ya fọ́tò, á gbé e sórí WhatsApp. Kí oṣù tó parí, páfò dé.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí páfò, nítorí òun ló ń gbé ọ̀pọ̀ ènìyàn dé iwájú dókítà. Àrùn náà kò tíì dàgbà: 1978 ni ayé ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ọ́n, kò sì pẹ́ tó fi kárí ayé. Ọmọ ajá á kọ oúnjẹ, á máa bì, á máa ya ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, òórùn rẹ̀ á gba gbogbo ilé. Kò sí oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn náà fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ dókítà ni kó fa omi sí ajá lára tọ̀sán-tòru, kó dá èébì dúró, kó fún un ní oògùn tí kò ní jẹ́ kí kòkòrò mìíràn gba inú ìfun tó ti bó wọ inú ẹ̀jẹ̀, kó máa ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún, nígbà mìíràn ọ̀sẹ̀ kan. Bí a bá fi sílẹ̀, mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá lè kú. Bí a bá tọ́jú rẹ̀ dáadáa tí a kò sì pẹ́, èyí tó pọ̀ jù ló ń yè. Níbi tí owó ti ń jáde nìyẹn: omi, epo jẹnẹrétọ̀, ẹni tó ń ṣọ́ ọ lóru, oògùn tí a fi dọ́là rà. Láti oṣù kẹfà 2023 tí ìjọba ti fi náírà sílẹ̀ kó máa wá iye tirẹ̀ lọ́jà, oògùn tó ń ti òkè òkun wá ti gbówó lórí. Ẹ má pe dókítà ní olè.

Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ tó ń dènà páfò wà. Láti ọ̀sẹ̀ kẹfà sí kẹjọ ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, wọ́n á máa tún un ṣe ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta tàbí mẹ́rin-mẹ́rin títí ọmọ ajá á fi pé nǹkan bí oṣù mẹ́rin. Gbogbo owó abẹ́rẹ́ náà kò tó owó ọjọ́ díẹ̀ lórí omi. Nítorí náà, ẹni tó bú sẹ́kún lójú dókítà pé owó pọ̀, ó ti pẹ́ tó ti yẹ kó ti ronú. Ọjọ́ tó ń dúnàádúrà ọmọ ajá ló yẹ kó ti bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè tó ń bi dókítà. Ẹni tó ra ajá láìra abẹ́rẹ́, àbọ̀ ajá ló rà.

Nígbà tí kò wá sí abẹ́rẹ́ mọ́, tí àìsàn ti dé ńkọ́? Èrò tèmi rèé. Kì í ṣe ọ̀ranyàn kí ènìyàn ná gbogbo ohun tó ní kí ẹranko lè yè. Ọ̀ranyàn ni pé kó má fi í sílẹ̀ nínú ìrora. Ẹ má rò pé èrò ọ̀jọ̀gbọ́n lásán nìyẹn. Abala 495 nínú Òfin Ìwà Ọ̀daràn wa, tí àwọn òyìnbó amúnisìn fi sílẹ̀ fún wa, kò mọ sí ẹni tó na ẹranko nìkan. Ó kan ẹni tó kọ̀ láti ṣe ohun tó yẹ kó ṣe, tí ẹranko fi jìyà láìnídìí. Ìjìyà rẹ̀ ni ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí owó ìtanràn náírà 50, tàbí méjèèjì. Mo rí i tí ẹ ń rẹ́rìn-ín. Kí ni náírà 50 fẹ́ rà lónìí? Àmọ́ ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ṣì jẹ́ oṣù mẹ́fà.

Bí owó kò bá sí, sọ ọ́ fún dókítà lójú kojú. Ó lè mú oògùn tí kò wọ́n, ó lè kọ́ ọ bí wàá ṣe tọ́jú rẹ̀ nílé. Bí ìyẹn náà kò bá ṣeé ṣe, tí ìrora sì ń pọ̀ sí i, kí dókítà fún un ní abẹ́rẹ́ tó máa fi sùn lọ. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wa kò fẹ́ gbọ́ èyí. A ní ọwọ́ wa kò gbọdọ̀ sí nínú ikú ẹran tí a sìn. Ọwọ́ wa ti wà nínú rẹ̀ láti ọjọ́ tí a ti fi okùn sí i lọ́rùn. Àwọn Mùsùlùmí inú wa mọ ìtàn ọkùnrin tó sọ̀ kalẹ̀ sínú kànga, tó bu omi fún ajá tí òùngbẹ ń gbẹ, tí Ọlọ́run sì torí rẹ̀ forí jì í. Ọkùnrin yẹn kò sanwó dókítà. Kò sì rìn kọjá.

Mo ti sọ ti ajá. Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti aládùúgbò, nítorí owó kan wà tí ẹni tó ń sin ajá kò lè ní òun kò ní san: owó abẹ́rẹ́ dìgbòlugi. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí ènìyàn 59,000 ni àrùn yìí ń pa lọ́dún, Áfíríkà àti Éṣíà ni ó pọ̀ sí jù, àwọn ọmọdé tí kò tíì pé ọdún 15 sì tó nǹkan bí ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ẹranko tí a fura sí pé ó ní àrùn náà ń bù jẹ. Àrùn náà lè sápamọ́ fún oṣù méjì, mẹ́ta. Nígbà tí ẹni tó kó o bá bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún omi, ọ̀rọ̀ ti bọ́. Bí ajá bá bu ènìyàn jẹ, ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn ni kí ẹ fi fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì sáré lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà. Ẹ má fi ata sí i, ẹ má fi epo sí i. Àjọ náà tún ṣírò pé ìtọ́jú ẹni tí ajá bù jẹ ń gba dọ́là 108 ní ìpíndọ́gba. Owó abẹ́rẹ́ kan lára ajá kò sún mọ́ ọn.

Ilẹ̀ wa kò ṣàjèjì sí ìdílé àrùn yìí. Ní 1956, lára àdán ní erékùṣù Èkó, wọ́n rí ìbátan kòkòrò dìgbòlugi. Orúkọ Èkó ló ń jẹ́ nínú ìwé ìṣègùn títí dòní. Ní 1968, wọ́n rí òmíràn lára asín ní Ìbàdàn, ó ń jẹ́ Mokola, àdúgbò tí gbogbo yín mọ̀. Mi ò mọ̀ bóyá ó yẹ ká fi ìyẹn yangàn.

Ẹ̀yin ará ìlú Òǹdó tó jókòó síbí, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín lọ́nà tiyín. Ajá tí a fẹ́ fi bọ Ògún, tàbí èyí tí a fẹ́ jẹ, ẹnì kan ló máa dì í mú, ẹnì kan ló máa gé orí rẹ̀. Àwọn olùwádìí ti rí kòkòrò dìgbòlugi nínú ọpọlọ ajá tí wọ́n pa fún jíjẹ ní orílẹ̀-èdè yìí. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni fi àṣà rẹ̀ sílẹ̀. Mo ní kí wọ́n má ra ajá ìgboro tí wọn kò mọ ibi tó ti wá.

Ó wá ku ẹ̀rín tí mo fi bẹ̀rẹ̀. Bí owó ilé bá jẹ́ ẹyọ kan, tí ara ọmọ ń gbóná, ajá á dúró. Kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ra aṣọ ẹbí mẹ́ta lóṣù kan kò lè fi òṣì ṣe àwáwí lórí abẹ́rẹ́ ajá. Ti òtòṣì tí ajá rẹ̀ jẹ́ ààbò kan ṣoṣo tó ní sì ńkọ́? Mi ò ní sọ fún opó tó ń dá gbé ní abà pé kó má sin ajá. Ìjọba ni kó san tirẹ̀, ìjọba kò sì lè ní òun kò ṣe irú rẹ̀ rí. Nítorí àjàkálẹ̀ àrùn màlúù tí wọ́n ń pè ní rinderpest ni ilé ìwádìí Vom ní Plateau fi gbérasọ ní 1924. Owó gbogbo wa ni wọ́n fi gún màlúù lábẹ́rẹ́, ní 2011 ayé sì kéde pé àrùn náà ti kásẹ̀ nílẹ̀ pátápátá. Vom kan náà ń ṣe abẹ́rẹ́ dìgbòlugi. Bí ajá 70 nínú ọgọ́rùn-ún bá gbà á, àrùn náà kò ní rí ọ̀nà gbà mọ́. Mexico ṣe é, wọ́n ń gún ajá lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dọọdún, ní 2019 Àjọ Ìlera sì jẹ́rìí sí i pé dìgbòlugi láti ara ajá kò pa ènìyàn níbẹ̀ mọ́.

Nítorí náà, Kábíyèsí, Ògbólú ti Ìta-Ògbólú, ẹ̀bẹ̀ mi mọ níwọ̀n. Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹsàn-án ni Ọjọ́ Dìgbòlugi Àgbáyé. Kí ìjọba ìbílẹ̀ ra abẹ́rẹ́, kí ẹgbẹ́ ọdẹ ka ajá ilé kọ̀ọ̀kan, kí a kó wọn jọ síbi ọjà lọ́jọ́ náà. Wọ́n á ní iná mànàmáná kò dúró, pé abẹ́rẹ́ á bàjẹ́. Ní Tanzania, wọ́n dán irú abẹ́rẹ́ dìgbòlugi kan wò, wọ́n sì rí i pé ó lè wà nínú ooru 30°C fún oṣù mẹ́ta kó má bàjẹ́; wọ́n tún fi amọ̀ ṣe ìkòkò tó ń mú un tutù láìlo iná rárá. Àmù kò wọ́n nílẹ̀ yìí. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ti Àkúrẹ́ wá, iṣẹ́ yín nìyẹn: ẹ lọ dán abẹ́rẹ́ Vom wò nínú àmù, kí ẹ mú èsì rẹ̀ wá síbí kí oṣù kẹsàn-án tó dé.