Orúkọ Àwòrán àti Àṣìṣe Inú Rẹ̀: Ẹ̀kọ́ láti Ìdúmàgbò

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kò jìnnà sí òwe yìí, àfi pé kì í ṣe ọmọ ni a fẹ́ sọ lórúkọ, àwòrán ni.

1. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀

Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí èmi àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ti ń ya àwòrán àwọn ilé àtijọ́ ní Ìdúmàgbò àti agbègbè rẹ̀, tí a sì ń kó wọn sí orí ìkànnì kan. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Ní ọdún 1956 ni ìjọba kéde Ilojo Bar, ilé àwọn Àgùdà tí ó wà ní gbàgede Tinúbú, gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Síbẹ̀, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, wọ́n wó o lulẹ̀. Bí ilé bá ti wó, àwòrán ni ó kù.

Orúkọ tí ẹ̀rọ ayàwòrán fún àwọn fáìlì wa kò ní ìtumọ̀: IMG_0417.JPG, IMG_0418.JPG. A wá lo plugin kan, èyíinì ni ètò kékeré tí a ń fi kún ètò ńlá WordPress, láti fi orúkọ àdúgbò àti ilé rọ́pò wọn. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, àlàfo ni a bá níbi tí àwòrán wà.

2. Orúkọ kan, ibi mẹ́rin

Àṣìṣe wa àkọ́kọ́ ni pé a rò pé ibì kan ṣoṣo ni orúkọ fáìlì ń gbé. Ó wà lára àwòrán gan-an. Ó wà lára àwọn ẹ̀dà kéékèèké tí WordPress ń ṣe fúnra rẹ̀, irú èyí tí a fi 150x150 kún orúkọ rẹ̀. Ó wà nínú àkọsílẹ̀ tí ètò náà fi ń mọ ibi tí ẹrù rẹ̀ wà. Ó sì tún wà nínú àwọn àròkọ tí a ti fi àwòrán náà sí. Plugin yìí yí mẹ́ta àkọ́kọ́ padà, ó fi ìkẹrin sílẹ̀. Àwòrán kò sọnù rárá. Orúkọ àtijọ́ ni àwọn àròkọ ṣì fi ń pè é. Ẹni tí a yí orúkọ rẹ̀ padà láì sọ fún ará ilé, bí wọ́n bá pè é, kò ní dáhùn.

3. Àmì ohùn

Nígbà tí a tún èyí ṣe, àwọn kan ṣì kọ̀ láti hàn. Gbogbo wọn ni ó ní àmì ohùn lórúkọ. Unicode gbà wá láàyè láti kọ Ìdúmàgbò ní ọ̀nà méjì: kí a so lẹ́tà àti àmì pọ̀ di ẹyọ kan, tàbí kí a kọ lẹ́tà sọ́tọ̀ kí àmì tẹ̀ lé e. Ní ọ̀nà kìíní, ẹyọ 8 ni, báìtì 12 nínú UTF-8. Ní ọ̀nà kejì, ẹyọ 12 ni, báìtì 16. Ojú ènìyàn kò rí ìyàtọ̀, ṣùgbọ́n báìtì ni kọ̀ǹpútà Linux tí ó ń gba ìkànnì sílé fi ń mọ orúkọ. HFS+, ètò ìpamọ́ fáìlì tí Macintosh lò fún ọ̀pọ̀ ọdún, a máa tú àmì kúrò lára lẹ́tà. Ẹ̀rọ mìíràn a máa so wọ́n pọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Linux kò ka .JPG àti .jpg sí ohun kan náà.

4. Ọ̀nà àtúnṣe

Kí a kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà gbogbo fáìlì àti àkọsílẹ̀. Kí a dán plugin wò lórí àwòrán kan péré. Bí kò bá hàn, kí a wo inú àpò fáìlì: bí ó bá wà níbẹ̀, orúkọ ni ó ṣì. Kí a fi orúkọ tí ó wà níbẹ̀ wé èyí tí àròkọ ń pè, lẹ́tà ńlá àti kékeré, àmì àti báìtì. Lẹ́yìn èyí ni kí a tún àwọn àròkọ ṣe.

Àwọn kan ní kí a bọ́ gbogbo àmì kúrò. Mo gbà pẹ̀lú wọn dé ààyè kan. Bí a bá bọ́ àmì, igbá, igba, ìgbà àti igbà yóò di igba.jpg kan náà, ẹni tí ó ń wá igbá yóò sì bá igbà ọ̀pẹ pàdé. Nítorí náà ni a ṣe pinnu pé kí orúkọ fáìlì wà láì ní àmì, pẹ̀lú nọ́ńbà tí ẹ̀rọ ayàwòrán fún un: idumagbo-0417.jpg. Ṣùgbọ́n nínú àkọlé, nínú àlàyé ìsàlẹ̀ àwòrán, àti nínú àpèjúwe tí ẹ̀rọ ń kà sí etí àwọn tí kò ríran, Ìdúmàgbò gbọ́dọ̀ pé pérépéré, tòun tàmì.

Nọ́ńbà tí a fẹ́ lé kúrò lákọ̀ọ́kọ́ ni ó padà wá gbà wá, nítorí òun nìkan ni kò yí padà. Ẹ jẹ́ kí a wo ilé dáadáa kí a tó sọ ọmọ lórúkọ.