Ìwé Àlàyé Tí Kò Gba Íntánẹ́ẹ̀tì



Nígbà tí wọ́n tẹ Ayétòrò dó ní 1947, àwọn ará ibẹ̀ kò dúró de ìjọba kí wọ́n tó dá iṣẹ́ ọwọ́ tiwọn sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi ojú yìí wo ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà àwọn ọmọ Ìlàjẹ.

Python, tí Guido van Rossum gbé jáde ní 1991, wà lára àwọn èdè tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ bí a ti ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà. Akẹ́kọ̀ọ́ kò lè ṣe kó má ṣí ìwé àlàyé rẹ̀ wò. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ létí òkun, ẹ̀kọ́ dúró nìyẹn. Bí ó bá sì wà, owó dáta ń jẹ owó oṣù wa.

Ọ̀nà àbáyọ wà. Ọ̀fẹ́ ni odindi ìwé náà ní docs.python.org. Ẹni kan tó bá lọ sí Òkìtìpupa lè gbà á lẹ́ẹ̀kan, kí ó dà á sórí fláàṣì, kí olúkúlùkù ilé ẹ̀kọ́ sì ṣe ẹ̀dà tirẹ̀. Kí ó rí i pé ó bá Python tó wà lórí kọ̀ǹpútà mu, kí ó sì tú ìdì rẹ̀ kí ó tó ṣí i. Ọmọ tún lè tẹ help(print) sínú Python fúnra rẹ̀. Àlàyé yóò jáde láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

A dábàá pé kí ẹ̀ka wa fi owó ẹgbẹ́ ra fláàṣì náà. Ìṣọ̀kan ni agbára òṣìṣẹ́.