Ẹ Má Jẹ̀ẹ́ Kó Di Eérú
(Ọ̀rọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ níbi àjọ̀dún ẹgbẹ́ wa)



Ọ̀rọ̀ oko ni wọ́n ní kí n sọ, torí ọ̀pọ̀ wa tó ń tajà n'Íkirè àti Àpòmù ló tún ní oko ẹ̀fọ́ tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn. Ẹ sì mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Owó tí a yá lẹ́gbẹ́ la fi ń ra fatiláísà. Òjò ńlá kan á rọ̀, á gbá a lọ. Ẹ̀fọ́ á pọ́n, gbèsè á wà nílẹ̀.

Ẹ̀bi yín kọ́ o. Ní 1962, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ méjì, Smyth àti Montgomery, tẹ ìwé jáde nípa ilẹ̀ agbègbè wa. Ilẹ̀ oníyanrìn kan tí àgbàrá ń kó wá sí ẹsẹ̀ òkè, Àpòmù ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé náà. Kódà ní oko IITA n'Íbàdàn, Àpòmù ni wọ́n ń pe irú rẹ̀. (Ìlú wa mà lókìkí o!) Ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í di omi mú, kì í di oúnjẹ ohun ọ̀gbìn mú.

Èédú lè bá a dì í mú. Biochar ni òyìnbó ń pè é: kí a sun èèpo kòkó, ṣùkù àgbàdo tàbí èèpo èkùrọ́ di èédú, kí a gún un, kí a pò ó mọ́ ilẹ̀. Ihò wẹ́ẹ́wẹ́ kún inú rẹ̀ bíi kànìnkànìn. Àwọn obìnrin Liberia àti Ghana ti ń ṣe ohun tó jọ ọ́ tipẹ́. Èédú ìdáná, eérú, egungun àti pàǹtí ibi tí wọ́n ti ń fọ epo pupa ni wọ́n ń dà sẹ́yìnkùlé, ilẹ̀ ibẹ̀ sì dúdú dáadáa. Ìwádìí tó jáde ní 2016 fi hàn pé ó lọ́ràá ju ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ.

Àwa náà ń jó èèpo kòkó, àmọ́ eérú ọṣẹ dúdú la ń wá. Eérú kì í pẹ́ nínú ilẹ̀. Èédú á wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ẹ gbẹ́ kòtò tó fẹ̀ lẹ́nu, tó há nísàlẹ̀, tó jìn dé orúnkún. Ẹ sá pàǹtí yẹn kó gbẹ táútáú, èéfín kò ní pọ̀. Ẹ dáná sísàlẹ̀. Bí eérú funfun bá ti ń yọ lójú rẹ̀, ẹ da díẹ̀ lé e, títí kòtò á fi kún. Kó tó di eérú, ẹ fi omi pa á, ẹ rò ó, ẹ tún bu omi sí i. Iná abẹ́ èédú a máa jí padà, ẹ má kó o wọlé lọ́jọ́ náà. Náílọ́ọ̀nù àti ike kò gbọdọ̀ débẹ̀. Ẹ fi èèpo ẹ̀gẹ́ sílẹ̀ fún ewúrẹ́, ẹ má sì gé igi tútù torí èyí.

Ẹ má dà á sóko lásán. Èédú tí ebi ń pa á kọ́kọ́ fa oúnjẹ ilẹ̀ mọ́ra. Ẹ pò ó mọ́ ìgbẹ́ adìẹ, ẹ wọ́n omi sí i, kó wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì.

N kò ní kí ẹ jáwọ́ nínú fatiláísà lójijì. Ẹ fi ebè ẹ̀fọ́ méjì dán an wò: ìgbẹ́ adìẹ nìkan fún ọ̀kan, èédú àti ìgbẹ́ adìẹ fún èkejì. Bí òjò bá dá fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ lọ wò wọ́n. Kí ẹni tó bá ṣe é mú ìròyìn wá sípàdé, kí a tó tún yá owó fatiláísà.