Tábìlì Tí A Gbé Kúrò: Oúnjẹ, Ọ̀rẹ́ àti Ẹgbẹ́ Láàárín Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìbàdàn

 Àwọn tí ó pè mí ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń bá ara wọn gbé nígbà tí wọ́n bá ti kúrò ní kíláàsì. Ohun tí a sábà máa ń gbọ́ nínú irú ìjókòó báyìí ni kí àgbàlagbà kan dìde, kí ó máa ka ẹ̀ṣẹ̀ àwọn ọmọ òde òní sí wọn lọ́rùn: aṣọ tí wọ́n ń wọ̀, orin tí wọ́n ń gbọ́, fóònù tí kì í kúrò lọ́wọ́ wọn. N kò bá ti ìyẹn wá. Àwa àgbà ni mo fẹ́ bá wí lónìí. Nígbà tí a ti ilé oúnjẹ àwọn yunifásítì wa pa, a rò pé ìnáwó ni a dín kù. Ibi tí ọmọ Ẹ̀sà-Òkè ti ń mọ ọmọ Ògúta ni a tì pa, a kò sì tíì fi ohunkóhun dípò rẹ̀ títí di òní.

Yunifásítì Ìbàdàn ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí òun ni àkọ́bí, ohun tí ó bá sì ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ kì í pẹ́ dé ibòmíràn.

Ọdún 1948 ni wọ́n dá a sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi kọ́lẹ́ẹ̀jì lábẹ́ Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù. Akẹ́kọ̀ọ́ 104 láti Yaba Higher College ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, Ẹlẹ́yẹlé ni wọ́n sì kọ́kọ́ kó wọn sí, nínú àwọn ilé tí àwọn ológun fi ṣe ilé ìwòsàn nígbà ogun Hitler. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kó wọn lọ sí ojú ọ̀nà Ọ̀yọ́, lẹ́yìn ìlú, sínú àwọn ilé tí Maxwell Fry àti ìyàwó rẹ̀, Jane Drew, ya àwòrán wọn. Ìbàdàn ìgbà náà ni ìlú tí èrò pọ̀ sí jù ní Nàìjíríà. Ìkànìyàn ọdún 1952 ka ènìyàn tí ó lé ní 400,000 níbẹ̀, ó ju Èkó lọ. Ẹ wo ìlú ńlá bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹ wo ọ̀wọ́ ọmọ díẹ̀ nínú igbó ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Ohun tí ó so àwọn ọmọ náà pọ̀ ni họ́ọ̀lù, ọkàn họ́ọ̀lù sì ni yàrá ìjẹun.

Họ́ọ̀lù Mellanby gba orúkọ lọ́dọ̀ Kenneth Mellanby, ọ̀gá àgbà àkọ́kọ́. Tedder tẹ̀ lé e, Kuti tí wọ́n fi sọrí Àlùfáà I. O. Ransome-Kuti, Sultan Bello, àti họ́ọ̀lù àwọn obìnrin tí wọ́n fi orúkọ Ọbabìnrin Elizabeth pè. Họ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan ní ilé ìdáná àti yàrá ìjẹun tirẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ṣú, akẹ́kọ̀ọ́ á gbé gáùn wọ̀, wọn á jókòó, àwọn olùkọ́ á wà ní tábìlì òkè, sítíwọ́ọ̀dù á gbé oúnjẹ káàkiri. Àṣà Gẹ̀ẹ́sì ni, láti Oxford àti Cambridge ni wọ́n ti gbé e wá, n kò sì ní kí ẹnikẹ́ni bá mi yin gáùn nínú oòrùn ilẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo iṣẹ́ tí tábìlì yẹn ṣe. Ibi tí àga bá ṣófo ni o ó jókòó sí. Ẹni tí ó bá wà lápá ọ̀tún rẹ lè máa kọ́ ìṣègùn, ti apá òsì lè máa ka èdè Látìn. Bàbá ẹnì kan lè jẹ́ àgbẹ̀, ti ẹnì kejì lè jẹ́ àlùfáà. O kò yàn wọ́n, àwọn náà kò yàn ọ́, ṣùgbọ́n ẹ ó jẹun pọ̀ lálẹ́ òní, ẹ ó tún jẹ ẹ́ lọ́la.

Láàárín ọdún 1948 sí 1960, ẹ wo àwọn tí ó gba ibẹ̀ kọjá: Chinua Achebe láti Ogidi, Christopher Okigbo láti Ojoto, Wọlé Ṣóyínká láti Abẹ́òkúta, Bọ́lá Ìgè ọmọ Ẹ̀sà-Òkè, Flora Nwapa láti Ògúta, J. P. Clark láti Kiagbodo. Orí pé lọ́rùn wọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn olórí pípé pọ̀ nílẹ̀ yìí tí wọn kò rí ẹni bá jiyàn. Àwọn wọ̀nyí rí ara wọn. Clark ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ nígbà tí ó dá ìwé ìròyìn ewì tí wọ́n ń pè ní The Horn sílẹ̀. Ní 1959, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gbé eré Ṣóyínká méjì, The Swamp Dwellers àti The Lion and the Jewel, gorí ìtàgé ní Arts Theatre. Ní 1961, ẹgbẹ́ Mbari ti àwọn òǹkọ̀wé àti oníṣẹ́ ọnà bẹ̀rẹ̀ nítòsí ọjà Dùgbẹ̀, láàárín ìlú gan-an, àwọn tí ó ti jẹun pọ̀ ní họ́ọ̀lù ni wọ́n sì pọ̀ nínú àwọn tí ó dá a sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, Kọ́lá Ògúnmọ́lá, òṣèré kan tí kò bá wọn ka yunifásítì rárá, wá sí ilé ẹ̀kọ́ eré orí ìtàgé tí ó wà nínú ọgbà, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti gbé eré Ọ̀mùtí jáde ní 1963. Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀ nìyẹn: ọgbà àti ìlú pàdé, èdè Yorùbá ni wọ́n sì fi bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Kò sí ohun tí ó fi ìgbà náà hàn tó orúkọ ìnagijẹ àwọn họ́ọ̀lù. Àwọn ọmọ họ́ọ̀lù Independence ń pe ibùgbé wọn ní Katanga, àwọn ará Nnamdi Azikiwe sì ń jẹ́ Baluba. Láti inú rògbòdìyàn Kóńgò tí ó bẹ́ sílẹ̀ ní 1960 ni wọ́n ti mú orúkọ méjèèjì. Ọmọ tí kì í ka ìwé ìròyìn, tí kì í sì bá ẹlòmíràn jiyàn lórí rẹ̀, kò lè sọ ilé rẹ̀ ní Katanga.

N kò sọ pé ayé wọn dùn látòkè délẹ̀. Ní 1957, nígbà tí àwọn aláṣẹ fi wáyà sé àwọn họ́ọ̀lù mọ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fà á ya, àwọn aláṣẹ sì ti kọ́lẹ́ẹ̀jì pa. Ní 1952, Ṣóyínká àti àwọn ọ̀dọ́ mẹ́fà mìíràn dá ẹgbẹ́ Pyrates sílẹ̀ láti fi tako ẹ̀mí ẹlẹ́yàmẹ̀yà àti àwọn tí ó ń ṣe bí òyìnbó aláwọ̀ dúdú. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí àwọn ẹgbẹ́ òkùnkùn tí ó wá lẹ́yìn wọn dà. Ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ wa wà lórí ilẹ̀ ọ̀pọ̀lọpọ̀ yunifásítì nítorí wọn.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbi ọ̀rọ̀ oúnjẹ, nítorí òun gan-an ni ó kọ́kọ́ gba ẹ̀mí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1971, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìbàdàn ń fẹ̀hónú hàn lórí bí wọ́n ṣe ń bójú tó ilé oúnjẹ ní họ́ọ̀lù Nnamdi Azikiwe. Àwọn aláṣẹ pe ọlọ́pàá. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kejì, ọta ìbọn ọlọ́pàá ba akẹ́kọ̀ọ́ kan, Kúnlé Adépéjù, ó sì kú. Ilé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wà nínú ọgbà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí di òní. Ọdún méje lẹ́yìn náà, ní 1978, ìjọba ológun fi kún owó oúnjẹ àti owó ibùgbé, igbe “Ali Must Go” sì gba orílẹ̀-èdè kan. Ahmadu Ali ni kọmíṣọ́nnà ètò ẹ̀kọ́ nígbà náà. Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Akíntúndé Òjó, bá a lọ ní Yunifásítì Èkó, àwọn mìíràn sì kú níbòmíràn. Wọ́n lé Ṣẹ́gun Òkéowó, tí ó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ gbogbo Nàìjíríà, kúrò ní ilé ìwé, wọ́n sì fi òfin de ẹgbẹ́ náà. Ọ̀pọ̀ ni ó ń sọ pé àwọn ọmọ wọ̀nyẹn ń jà nítorí ikùn. Àwọn àgbà ní bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Ọmọ tálákà tí ó dé Ìbàdàn ní ìgbà yẹn, ìṣẹ́ rẹ̀ bùṣe ní ẹnu ọ̀nà yàrá ìjẹun. Ibẹ̀ nìkan ni òun àti ọmọ mínísítà ti jọ ń jẹ ohun kan náà láti inú ìkòkò kan náà. Ohun tí wọ́n ń jà fún nìyẹn.

Ní 1984, ìjọba ológun mìíràn yọ ọwọ́ kúrò nínú bíbọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n ní owó ìlú ti bàjẹ́, òótọ́ sì ni pé epo rọ̀bì kò mówó wọlé bíi tàná mọ́. Kafitéríà kú. Wọ́n gbé tábìlì kúrò, wọ́n pín àwọn yàrá ńlá náà sí wẹ́wẹ́, búkà àti ọjà kéékèèké sì rọ́pò wọn.

Ẹ bá mi lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ họ́ọ̀lù àwọn obìnrin kan ní nǹkan bí aago méje alẹ́. Mo ti ṣe alábòójútó họ́ọ̀lù rí, mo mọ ohun tí ń bẹ níbẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin mẹ́rin inú yàrá kan náà ti jáde. Oníkálukú gbé gáàsì kékeré tàbí sítóòfù tirẹ̀ síwájú, ó kọ ẹ̀yìn sí ẹnì kejì nítorí atẹ́gùn, ó ń se ìrẹsì. Ìkòkò mẹ́rin, ìrẹsì kan náà, ata tí wọ́n rà ní Bódìjà lọ́wọ́ ìyá kan náà. Ẹnì karùn-ún, tí kò ní bẹ́ẹ̀dì nínú yàrá náà, tí ó ń sùn lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́, jókòó sórí ike omi rẹ̀, ó ń dúró kí ẹnì kan sọ iná kalẹ̀. Lálẹ́ yẹn, gàrí ni ó padà mu. Kò sí ẹni tí ó burú nínú wọn. Owó tí òbí fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan kò tó ti ẹnì kejì, ìtìjú kò sì jẹ́ kí wọ́n da oúnjẹ pọ̀.

Níta géètì, ní Àgbowó, ọ̀rọ̀ náà tún le sí i. Bẹ́ẹ̀dì inú ọgbà kò kárí, nítorí náà ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ni ó ń háyà yàrá káàkiri Àgbowó, Ọ̀rọ́gùn àti Ọ̀jọ́ọ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti ń sáré wọ ọkọ̀ Micra. Alẹ́ sì ni àwọn ẹgbẹ́ ń ṣe ìpàdé! Alẹ́ ni wọ́n ń múra ìdíje Jaw War, tí àwọn họ́ọ̀lù àti fákọ́tì fi ń bá ara wọn jiyàn ní gbangba. Alẹ́ ni wọ́n ń lẹ àròkọ mọ́ pátákó ìwé ìròyìn họ́ọ̀lù, tí àwọn èrò á dúró yí i ká, tí wọ́n á máa kà á sókè, tí wọ́n á máa bú ẹni tí ó kọ ọ́. Èmi ka pátákó yẹn sí ọ̀kan nínú ohun tí ó dára jù ní Ìbàdàn, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀dọ́ ti ń kọ́ bí a ṣe ń dáhùn ọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀. Ọmọ tí ó ń gbé Ọ̀jọ́ọ̀ kì í bá wọn dúró níbẹ̀.

Nígbà náà, ta ni ó ń fún Jambite, akẹ́kọ̀ọ́ tuntun tí kò mọ ẹnikẹ́ni, ní oúnjẹ? Ilé ìjọsìn ni. Àwọn ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ onígbàgbọ́ máa ń gba ọmọ tuntun lálejò, wọ́n á bá a ru ẹrù, wọ́n á fún un ní ìrẹsì àti ẹran lọ́jọ́ Sunday. MSSN, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1954, máa ń pèsè ìṣínu nínú oṣù Ramadan. Ọlọ́run á san án fún wọn, nítorí wọ́n ṣe ohun tí ìjọba sá fún. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ: ọmọ Mùsùlùmí ń bá Mùsùlùmí jẹun, ọmọ ìjọ kan ń bá ọmọ ìjọ rẹ̀ jẹun, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ń bá ọmọ ìlú jẹun. Ọ̀dọ́ kan lè lo ọdún mẹ́rin ní Ìbàdàn kí ó má bá ẹni tí kò jọ ọ́ jẹun lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹgbẹ́ òkùnkùn náà sì mọ ọgbọ́n yìí. Ọmọ tí ebi ń pa, tí kò lẹ́nìkan, ni wọ́n ń kọ́kọ́ ra oúnjẹ fún.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan ti ń wí nínú ara rẹ̀ pé, “Ọ̀jọ̀gbọ́n, ọmọ 104 kọ́ ni a ní báyìí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni.” Òótọ́ ni. N kò béèrè fún gáùn àti sítíwọ́ọ̀dù, n kò sì béèrè fún ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni mo ń béèrè. Ẹ̀yin aláṣẹ, ẹ dá yàrá ìjẹun kan padà fún họ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan. Ẹ gbé iṣẹ́ ìdáná fún àwọn ìyá olóúnjẹ tí ó wà nínú ọgbà tẹ́lẹ̀, kí iye rẹ̀ wà nínú owó họ́ọ̀lù, kí a má baà mọ ẹni tí ó san án fúnra rẹ̀ yàtọ̀ sí ẹni tí a bá san án. Ẹ kọ orúkọ àwọn ọmọ Àgbowó, Ọ̀rọ́gùn àti Ọ̀jọ́ọ̀ mọ́ họ́ọ̀lù kan, kí àwọn náà ní àga níbẹ̀, kí ọkọ̀ sì gbé wọn padà sílé lálẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti jáde ní Mellanby, Kuti, Tedder, Bello, Queen’s, Azikiwe àti Independence, tí ẹ ń dá owó láti tún ọgbà kùn, ẹ fi owó ọ̀dà ọdún kan ra tábìlì àti àga. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bí wọ́n bá sì tún ṣí yàrá ìjẹun náà, ẹ má jókòó ti ẹni tí ẹ jọ wá.