Ta Ni Ó Ń Pa Ọ̀rọ̀ Ẹgbẹ́ Mọ́?

Àsọyé tí àwa òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì akọ̀wé ṣe níwájú ìpàdé gbogbogbòò ẹ̀ka wa

Ìgbìmọ̀ ní kí àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ akọ̀wé wá bá yín sọ̀rọ̀ lónìí nípa ẹgbẹ́ ìfọ̀rọ̀wérọ̀ orí ímeèlì: ohun tí ó jẹ́, bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́, àti ìdí tí a fi rò pé ó yẹ kí ẹ̀ka wa ní tirẹ̀. A bẹ̀ yín, ẹ fi sùúrù gbọ́ wa dé òpin. Ó lè dún létí yín bí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ òkú ni ó gbé e wá.

Ẹ ó rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí wa ní èṣí. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa ní Sábó ta téru nípàá. Ìyá yìí kò jẹ ẹgbẹ́ ní gbèsè rí. Bí oṣù bá ti parí ni ó ń san owó ìsìnkú. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ dé láti Ògbómọ̀ṣọ́, tí wọ́n sì béèrè ohun tí ó tọ́ sí ìyá wọn, a kò rí àkọsílẹ̀ kankan fi hàn wọ́n. Inú fóònù kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ wà, wọ́n sì ti jí fóònù náà gbé ní ibùdókọ̀. Àwọn kan ní ìyá san. Àwọn kan ní kò dá àwọn lójú. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni a fi jiyàn, òkú sì wà nílẹ̀. Nígbà tí ó yá, a dá owó náà láàárín ara wa. Owó náà kò dùn wá tó ojú tí àwọn ọmọ ìyá fi wò wá.

Àwọn àgbà tí ó ṣáájú wa kò fi ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ ṣeré báyìí. Láyé tiwọn, ọkọ̀ ojú irin ni ó ń gbé lẹ́tà wá láti ilé, tàbí kí wọ́n fi ìwé rán awakọ̀ tí wọ́n mọ̀ dáadáa. Bí lẹ́tà bá dé, akọ̀wé a kà á sí etígbọ̀ọ́ ìpàdé, a kọ kókó rẹ̀ sínú ìwé ńlá, a sì tì í mọ́ inú àpótí ẹgbẹ́. Kọ́kọ́rọ́ méjì ni àpótí náà ní: ọ̀kan wà lọ́wọ́ akọ̀wé, èkejì wà lọ́wọ́ akápò. Bí ọ̀kan bá rìnrìn àjò, tàbí tí ọlọ́jọ́ dé bá a, èkejì yóò ṣí i. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ méjì yìí sọ́kàn. A ó padà sórí rẹ̀.

Kí ni ẹgbẹ́ ìfọ̀rọ̀wérọ̀ orí ímeèlì? Ẹ fi wé àpótí lẹ́tà kan tí gbogbo ẹgbẹ́ jọ ni. Ó ní àdírẹ́sì kan ṣoṣo. Bí ọmọ ẹgbẹ́ kan bá fi lẹ́tà kan ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì yìí, ètò kọ̀ǹpútà tí ó ń bójú tó o yóò da lẹ́tà náà kọ, yóò sì fi ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ sí olúkúlùkù tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ẹgbẹ́. Ẹni tí ó wà ní Kano, ẹni tí ó wà ní Jos, ẹni tí ó ti padà sí Ọ̀ṣun, àti ọmọ wa tí ó lọ kàwé ní London, ọ̀rọ̀ kan náà ni yóò dé ọ̀dọ̀ gbogbo wọn.

Ohun náà kì í ṣe ti àná. Ní ọdún 1971 ni Ray Tomlinson, ará Amẹ́ríkà, kọ́kọ́ fi ímeèlì ránṣẹ́ láti inú kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn. Nígbà tí ó fi di ọdún 1975, àwọn onímọ̀ ti dá ẹgbẹ́ ìfọ̀rọ̀wérọ̀ sílẹ̀ lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ènìyàn ni ó ń fi ọwọ́ kọ orúkọ ẹni tí ó wọlé, tí ó sì ń fi ọwọ́ pa orúkọ ẹni tí ó jáde rẹ́. Ní ọdún 1986, Éric Thomas, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Paris, ṣe ètò tí à ń pè ní LISTSERV, tí ó gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ ènìyàn, tí kọ̀ǹpútà sì ń ṣe é fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Majordomo dé ní 1992, Mailman sì tẹ̀ lé e. Google Groups bẹ̀rẹ̀ ní 2001, Groups.io ní 2014. Àwa ọmọ Nàìjíríà pàápàá kò gbẹ́yìn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni àwọn ọmọ wa tí ó wà lókè òkun ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ nílé lórí Naijanet. Ọ̀jọ̀gbọ́n Tóyìn Fálọlá, ọmọ Ìbàdàn tí ó ń kọ́ni ní Yunifásítì Texas, ni ó sì dá ẹgbẹ́ ìfọ̀rọ̀wérọ̀ USA/Africa Dialogue sílẹ̀, níbi tí àwọn ọ̀mọ̀wé ti ń fi ímeèlì jiyàn lórí ọ̀ràn ilẹ̀ Áfíríkà.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ohun tí irú ètò bẹ́ẹ̀ lè ṣe fún wa.

Èkíní ni ìforúkọsílẹ̀. Bí ẹnì kan bá fẹ́ wọlé, ètò náà lè kọ́kọ́ kọ̀wé sí i pé, “Ṣé ìwọ gan-an ni o béèrè?” Bí kò bá dáhùn, kò wọlé. Alábòójútó sì lè ní kí gbogbo ẹni tí ó ń bọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà títí a ó fi wádìí ẹni tí ó jẹ́. Èyí kò yàtọ̀ sí bí a ti ń béèrè onídùúró lọ́wọ́ àlejò kí a tó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Èkejì ni àyẹ̀wò lẹ́tà. Ètò náà lè dá lẹ́tà ẹni tuntun dúró kí alábòójútó kà á ná, kí ó tó tú u sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Èyí wúlò nítorí àwọn oníjìbìtì. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: ẹnì kan lè fi orúkọ akápò kọ ímeèlì tí kì í ṣe ti akápò. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sanwó sí báńkì kankan nítorí ímeèlì nìkan. Ẹ kọ́kọ́ pe akápò lórí fóònù kí ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni bí lẹ́tà yóò ṣe máa dé ọ̀dọ̀ yín. A mọ̀ pé àwọn ìyá wa tí ó wà lọ́jà kò fẹ́ kí fóònù máa han gooro láti àárọ̀ dalẹ́. Olúkúlùkù ni yóò yan èyí tí ó wù ú. Ẹni tí ó bá fẹ́, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan yóò máa dé bá a lọ́gán. Ẹni tí kò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀ lè ní kí wọ́n máa kó wọn pọ̀ ránṣẹ́. Ní Google Groups, tó lẹ́tà 25 ni ó lè wà nínú ímeèlì kan. Ẹlòmíràn sì lè sọ pé kí wọ́n má fi ránṣẹ́ rárá, kí òun máa lọ kà á nígbà tí ọwọ́ òun bá dilẹ̀. Síbẹ̀ ọmọ ẹgbẹ́ ni gbogbo wọn.

Ẹ̀kẹrin ni ìdáhùn, ibẹ̀ ni ewu sì wà. Bí a bá ti ṣètò rẹ̀ ni yóò ṣe rí: ìdáhùn lè lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ó kọ lẹ́tà nìkan, ó sì lè lọ sọ́dọ̀ gbogbo ẹgbẹ́. A mọ ẹnì kan tí ó rò pé òun ń kọ̀wé sí ọ̀rẹ́ òun nípa gbèsè tí ẹlòmíràn jẹ, àṣé gbogbo ẹgbẹ́ ni ó ń sọ fún. Títí di òní, àwọn méjèèjì kì í kí ara wọn. Ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Ímeèlì tí ó bá ti wọ àpótí ènìyàn 200, kò sí ẹni tí ó lè lọ kó o jáde níbẹ̀. Ìmọ̀ràn tiwa ni pé kí a ṣètò tiwa kí ìdáhùn máa lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ó kọ̀wé nìkan. Ẹni tí ó bá fẹ́ bá gbogbo ẹgbẹ́ sọ̀rọ̀ yóò mọ̀ọ́mọ̀ kọ àdírẹ́sì ẹgbẹ́.

Ẹ̀karùn-ún ni àkòrí. Ètò náà máa ń so lẹ́tà kan mọ́ ìdáhùn rẹ̀, kí ọ̀rọ̀ kan lè wà lójú kan. Nítorí náà, bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti ìsìnkú, ẹ kọ “Ìsìnkú” sí òkè rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ti owó oṣù, ẹ kọ bẹ́ẹ̀. Ẹ má ṣe mú ọ̀rọ̀ ìsọmọlórúkọ wọ abẹ́ àkòrí ìsìnkú.

Ẹ̀kẹfà ni èyí tí ó ṣe pàtàkì jù, òun ni àká. Gbogbo lẹ́tà tí ó bá gba àdírẹ́sì ẹgbẹ́ kọjá ni ètò náà lè pa mọ́ pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀ àti orúkọ ẹni tí ó kọ ọ́. Ẹni tí ó wọlé lónìí lè ka ọ̀rọ̀ ọdún márùn-ún sẹ́yìn, bí a bá gbà á láyè. Bí ẹ bá tẹ orúkọ ènìyàn kan, gbogbo ibi tí a ti dárúkọ rẹ̀ yóò jáde. Ká ní a ti ní irú àká yìí ní èṣí ni, tí akápò sì ń kọ orúkọ àwọn tí ó sanwó ránṣẹ́ síbẹ̀ ní òpin oṣù, bí wọ́n jí fóònù mẹ́wàá gbé, orúkọ ìyá wa kò ní sọnù. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ti ìlẹ̀kùn àká náà, kí ó jẹ́ pé ọmọ ẹgbẹ́ nìkan ni ó lè kà á. Àwọn ẹgbẹ́ kan ṣí tiwọn sílẹ̀ gbayawu, gbogbo ayé sì ń ka ìjà ilé wọn.

Níbí ni a ó ti padà sórí ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́. Àká tí ó wà nílé onílé kì í ṣe ilé ẹni. Ní ọdún 2000 ni Yahoo ra ilé-iṣẹ́ eGroups, ó sì sọ ọ́ di Yahoo Groups. Àìmọye ẹgbẹ́ ni ó kó ọ̀rọ̀ wọn síbẹ̀. Ní ọdún 2019, Yahoo kéde pé òun yóò pa àwọn àká náà rẹ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, ó ti gbogbo rẹ̀ pa pátápátá. Ẹni tí ó ti ṣe ẹ̀dà tirẹ̀ kò pàdánù. Ẹni tí kò ṣe é, ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀ ọdún bá omi lọ. Ewu kejì wà nílé wa níbí: bí ẹnì kan ṣoṣo bá jẹ́ alábòójútó, tí ó kú tàbí tí ó bínú kúrò, ta ni yóò ṣílẹ̀kùn? Àwọn ètò tí a dárúkọ wọ̀nyí gbà kí alábòójútó ju ẹyọ kan lọ. Ẹ jẹ́ kí tiwa jẹ́ mẹ́ta, kí wọ́n má sì jẹ́ ará ilé kan náà.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé, “WhatsApp ti tó wa.” A kò ní kí ẹ jù ú nù. Ìkíni, àwòrán ọmọ tuntun àti ìpè kánjúkánjú, ibẹ̀ ni kí wọ́n wà. Ṣùgbọ́n owó, ìpinnu ìpàdé àti orúkọ àwọn tí ó sanwó, ẹ jẹ́ kí wọ́n wọ àká. Àwọn mìíràn yóò béèrè pé, “Àwọn àgbà tí kò ní ímeèlì ńkọ́?” Ìbéèrè gidi ni. Kò tọ́ kí ẹ̀rọ yọ àgbà kúrò nínú ẹgbẹ́ tí ó fi òógùn ojú rẹ̀ kọ́. Nítorí náà, lóṣooṣù, a ó tẹ lẹ́tà oṣù náà sórí ìwé, a ó kà á sókè ní ìpàdé bí àwọn bàbá wa ti ń ṣe, a ó sì tì í mọ́ inú àpótí. Ìwé yìí ni yóò jẹ́ ẹ̀dà tiwa ní ọjọ́ tí ilé onílé bá wó.

Ẹ̀bẹ̀ mẹ́ta ni a mú wá: kí ìpàdé yìí fọwọ́ sí ìdásílẹ̀ àdírẹ́sì ẹgbẹ́, kí ó yan alábòójútó mẹ́ta, kí obìnrin kan ó kéré tán wà nínú wọn, kí akápò sì bẹ̀rẹ̀ sí kọ orúkọ àwọn tí ó sanwó ránṣẹ́ láti ìparí oṣù yìí. Èyí tí a bá kọ́kọ́ kọ síbẹ̀, àwa ti fẹnu kò pé orúkọ ìyá wa ni kí ó jẹ́, kí a kọ ọ́ pé ó san owó rẹ̀ pé. Àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní Ògbómọ̀ṣọ́. A ó fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn.