Ìtọ́jú Kì í Ṣe Ìwòsàn: Ọ̀rọ̀ lórí Omi Ibi Ìwakùsà

Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni ó dìde láti sọ̀rọ̀ lórí omi ibi ìwakùsà. Ọ̀rọ̀ méjì ni ó gbé mi débẹ̀: ìtọ́jú àti ìwòsàn.

Sẹlíníọ̀mù ni ohun tí a ń wí. Berzelius, onímọ̀ kẹ́mísírì ará Swídìn, ni ó ṣàwárí rẹ̀ ní 1817, tí ó sì fi orúkọ òṣùpá ní èdè Gíríìkì pè é. Ara ń fẹ́ díẹ̀ nínú rẹ̀; bí ó bá pọ̀ jù, májèlé ni. Iyọ̀ náà ni ó ń mú ọbẹ̀ dùn, òun náà ni ó sì ń bà á jẹ́. Nínú ẹja, ó máa ń ti ara ìyá wọ inú ẹyin, ọmọ a sì di abirùn.

Ní àfonífojì Elk ní British Columbia, ní Kánádà, lórí ilẹ̀ àwọn ará Ktunaxa, òkúta tí wọ́n hú kúrò lórí èédú ti di òkìtì ńláńlá. Òjò àti yìnyín tí ó yọ́ ń gba inú òkúta wọ̀nyí kọjá, wọ́n sì ń fọ sẹlíníọ̀mù lọ sínú odò, títí dé adágún Koocanusa tí ó nà wọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ní 2021, ilé ẹjọ́ ní kí Teck Coal san mílíọ̀nù 60 dọ́là Kánádà nítorí ìbàjẹ́ omi níbẹ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe ń tọ́jú omi náà? Ní Elkview, láti 2018, wọ́n ń fa omi sínú kòtò tí wọ́n ti wa èédú inú rẹ̀ tán, tí wọ́n sì ti da òkúta padà sí. Wọ́n ń po mẹ́tánọ́ọ̀lù mọ́ ọn, kí àwọn kòkòrò àìfojúrí inú òkúta lè rí oúnjẹ jẹ. Ọ́síjìn ṣọ̀wọ́n nísàlẹ̀ ibẹ̀. Nítorí náà, náítíréètì ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi mí, lẹ́yìn náà sẹlíníọ̀mù, bí àwa ti ń fi ọ́síjìn mí. Èyí tí ó ti yọ́ sínú omi a wá di ohun líle, a sì dúró sára òkúta.

Ẹ kíyè sí i: wọn kò pa á, wọ́n dè é mọ́lẹ̀ ni. Bí oúnjẹ bá tán, tí ọ́síjìn sì wọlé, ó lè tú ìdè. Ní West Line Creek, ní àfonífojì kan náà, ilé ìtọ́jú omi mìíràn dín sẹlíníọ̀mù kù, ṣùgbọ́n èyí tí ó ṣẹ́kù yí padà di irú tí ẹ̀dá inú omi ń tètè gbà sára. Wọ́n ní láti fi iṣẹ́ mìíràn kún un.

Ẹni tí a wò sàn a máa lọ sí ilé rẹ̀. Ẹni tí a ń tọ́jú, ojoojúmọ́ ni a ń ṣọ́ ọ. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ìlú pé òun ti wo omi sàn, kí ìlú bi í léèrè: nígbà tí èédú bá tán, ta ni yóò máa bọ́ àwọn kòkòrò náà, owó ta ni yóò sì fi bọ́ wọn? Iṣẹ́ àwa tí ọ̀rọ̀ jẹ́ oko wa ni kí a má ṣe jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ kan bo èkejì mọ́lẹ̀.