Ibi Tí Lẹ́tà Ti Kùnà: Bí A Ṣe Ń Mọ Ìwé Tó Yẹ fún Iṣẹ́ Server Ímeèlì

(Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbangba tí a sọ ní Abúlé Òkúta, Ṣómólú, ní Ọjọ́ Ìwé Àgbáyé)

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ìwé tí èèyàn lè fi kọ́ iṣẹ́ àbójútó server ímeèlì, kí n sì sọ bí a ṣe ń yan èyí tó dára.

N kò ní pẹ́ lórí ìtumọ̀, torí ẹ ti mọ̀ ọ́n. Server ímeèlì ni kọ̀ǹpútà tó ń gba lẹ́tà wọlé, tó ń fi lẹ́tà ránṣẹ́, tó sì ń tọ́jú èyí tí ẹni tó ni ín kò tíì kà. SMTP ni òfin tí àwọn server fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Jon Postel ló kọ ọ́ sílẹ̀ nínú RFC 821, ọ̀kan lára àwọn ìwé ìlànà íntánẹ́ẹ̀tì, ní oṣù kẹjọ ọdún 1982. RFC 5321 ti ọdún 2008 ló rọ́pò àwọn tó ṣáájú rẹ̀. DNS ló ń júwe ilé tí lẹ́tà ń lọ. Ó tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọdún ìwé

Ó pẹ́ tí èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ti ń fa ọ̀rọ̀ yìí mọ́ra wa lọ́wọ́. Wọ́n ní ọdún tí wọ́n tẹ ìwé kọ̀ǹpútà ni kí èèyàn kọ́kọ́ wò, pé èyí tó bá ti lé ní ọdún márùn-ún, kí a fi di àkàrà. Mo takò wọ́n nígbà náà, mo ṣì ń takò wọ́n lónìí.

Ẹ wo The Book of Postfix, ìwé lórí ètò server ímeèlì tó ń jẹ́ Postfix, tí Ralf Hildebrandt àti Patrick Koetter kọ, tó jáde ní 2005. Kò lè sí DKIM, àmì tí a fi ń jẹ́rìí sí ibi tí lẹ́tà ti wá, nínú rẹ̀ bó ṣe wà lónìí, torí 2007 ni ìlànà yẹn jáde. DMARC ní tirẹ̀, 2015 ni. Bẹ́ẹ̀ láti oṣù kejì 2024, ẹni tó bá ń fi lẹ́tà tó 5,000 ránṣẹ́ sí Gmail lóòjọ́ gbọ́dọ̀ ní SPF, DKIM àti DMARC, ìlànà mẹ́ta tí a fi ń fìdí ẹni tó fi lẹ́tà ránṣẹ́ múlẹ̀, Yahoo náà sì gbé irú òfin bẹ́ẹ̀ jáde. Níbi èyí, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi jàre. Ẹni tó bá ka ìwé náà nìkan, lẹ́tà rẹ̀ lè má dé ibi tó ń lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ bá mi wo apá kejì. Ní oṣù kìíní 2025, Dovecot 2.4, ètò tí àwọn èèyàn fi ń ka lẹ́tà tó wà lórí server, jáde, wọ́n sì yí bí a ṣe ń kọ fáìlì ètò rẹ̀ padà débi pé èyí tó ń ṣiṣẹ́ lórí 2.3 kò ṣiṣẹ́ mọ́ láìtún un kọ. Ìwé tó jáde lọ́dún kan ṣáájú, tó jẹ́ pé àṣẹ tí a ó máa dà kọ nìkan ló wà nínú rẹ̀, kí ló kù nínú rẹ̀? Kò ku nǹkan kan. Ohun tí ìwé 2005 yẹn sọ nípa bí lẹ́tà ṣe ń dúró de ọ̀nà, kò tíì yẹ̀. Ọjọ́ orí ìwé kọ́ ló yẹ ká máa kà. Bó ṣe ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ló yẹ ká wò.

Nítorí náà, bí ẹ bá mú ìwé lórí àtẹ, ẹ má ṣí i sí orí kìíní. Gbogbo ìwé ló dùn ní orí kìíní. Ẹ ṣí i sí ibi tí lẹ́tà ti kùnà.

Ẹ jẹ́ ká fi àdúgbò yìí ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ilé-iṣẹ́ kékeré kan gbé server rẹ̀ sí òkè ilé kan ní Abúlé Òkúta níbí. Iná lọ ní ọ̀sán Jímọ̀, epo jẹnẹrétọ̀ tán, bátìrì kú, iná kò sì dé títí di òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé. Lẹ́tà tí àwọn oníbàárà fi ránṣẹ́ ní Sátidé dà? Mo ti bi ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ní ìwé-ẹ̀rí lọ́wọ́. “Ó ti sọnù, sà,” ni wọ́n ń wí. Kò sọnù o! RFC 5321 ní ó yẹ kí server tó ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ tọ́jú rẹ̀ sọ́wọ́, kó máa padà gbìyànjú, kó má sì jáwọ́ títí ọjọ́ 4 tàbí 5 yóò fi kọjá. Postfix, ọjọ́ 5 ni wọ́n ṣètò rẹ̀ sí láti ìbẹ̀rẹ̀. Nínú log, ẹ ó rí `status=deferred`, ìyẹn ni pé lẹ́tà ṣì wà nílẹ̀; bó bá jẹ́ `status=bounced`, wọ́n ti dá a padà. Nọ́ńbà èsì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 4 ń ní kí a padà wá. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 5 ń ní kí a má wá mọ́. Ìwé tí kò bá yà wọ́n sọ́tọ̀, ẹ dá a padà sórí àtẹ.

Ọ̀rọ̀ Tab

Ẹ̀yin òǹtẹ̀wé Ṣómólú tó wà níbí, ẹ̀yin lèyí kàn jù. Eric Allman ló kọ sendmail, ètò server ímeèlì mìíràn, ní Berkeley, ìwé tí Bryan Costales bá a kọ lé e lórí sì jáde ní 1993, èyí tó ní àwòrán àdán lára. Nígbà tí ìtẹ̀jáde rẹ̀ kẹta fi dé ní 2002, ó ti lé ní 1,200 ojú ìwé. Nínú fáìlì sendmail.cf, ìlà tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú R ní apá òsì àti apá ọ̀tún. Tab ló gbọ́dọ̀ pààlà sáàárín wọn. Bí èèyàn bá fi àlàfo lásán síbẹ̀, sendmail kò ní rí ààlà kankan. Lórí bébà ńkọ́? Ojú kò lè mọ ìyàtọ̀ Tab àti àlàfo.

Mo rántí ìgbà tí kọ̀ǹpútà ṣọ̀wọ́n, tí owó ìwé òkèèrè ju owó oṣù lọ. Àwọn ọmọ wa máa ń gbé ìwé pẹlẹbẹ kiri, èyí tí ẹnì kan ti tún tẹ̀ láti inú fọ́tókọ́pì. Ọmọ kan jókòó ti irú rẹ̀ mọ́jú. Ó da gbogbo rẹ̀ kọ, kò fo ìlà kan, síbẹ̀ server kò gbọ́. Ó ní òun kò lórí iṣẹ́ yìí. Ọmọ yẹn lórí iṣẹ́ o, àlàfo ni wọ́n ti fi rọ́pò Tab nínú ìwé ọwọ́ rẹ̀.

Ẹ má sọ pé ayé sendmail ti lọ. Postfix tí Wietse Venema kọ, tó jáde ní 1998, ní irú rẹ̀. Nínú main.cf, ìlà tó bá fi àlàfo bẹ̀rẹ̀ jẹ́ ìtẹ̀síwájú ìlà tó wà lókè rẹ̀:

mynetworks = 127.0.0.0/8
    192.168.1.0/24

Bí òǹtẹ̀wé bá fẹ́ kí ojú ìwé gún, tó fa ìlà kejì wá sí etí, Postfix á ní òun kò rí àmì = lórí ìlà náà. Òǹtẹ̀wé rò pé òun ṣe iṣẹ́ tó mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹnikẹ́ni bá gbé ìwé kọ̀ǹpútà wá sí ṣọ́ọ̀bù yín, ẹ fi àlàfo rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà ka prúùfù rẹ̀.

DNS

Lẹ́bàá wa níbí, ní Yábà, ni .ng, àmì domain orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, ti fìdí múlẹ̀: ní 1995, abẹ́ àbójútó Ìyáàfin Ibukun Odusote ti Yaba College of Technology ni wọ́n fi í sí. Bí DNS ṣe sún mọ́ wa tó yìí, ẹ wò ó bóyá ìwé yín sọ pé ẹni tó ni domain kọ́ ló ń kọ PTR, àkọsílẹ̀ tó ń sọ orúkọ tí nọ́ńbà IP ń jẹ́, pé ẹni tó ni nọ́ńbà IP ni, àti pé ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì ló ti pọ́ọ̀tù 25, ẹnu ọ̀nà tí SMTP ń gbà, pa. Púpọ̀ nínú àwọn ìwé kò sọ ọ́.

Ààbò

Ní oṣù kọkànlá 1988, kòkòrò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní Morris gba ihò kan lára sendmail wọ inú ẹgbẹẹgbẹ̀rún kọ̀ǹpútà. Nítorí náà, ààbò kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìparí: ìwé tó bá fi ọ̀rọ̀ open relay, ìyẹn server tó ń bá ẹnikẹ́ni fi lẹ́tà ránṣẹ́ láìbi í léèrè, sí ìparí, ó ti pẹ́ jù.

Ìwé wo ni kí ẹ rà?

Run Your Own Mail Server ti Michael W. Lucas, 2024, kún fún ohun tí a ń lò báyìí. RFC 5321 kò tó 100 ojú ìwé, ọ̀fẹ́ ni, wọ́n sì kọ ọ́ sára rẹ̀ pé a lè pín in bó ṣe wù wá. Mo fẹ́ kí ọ̀kan nínú ẹ̀yin òǹtẹ̀wé tẹ ogún ẹ̀dà rẹ̀ fún àwọn ọmọ tó wà níbí yìí kí oṣù tó parí. Owó bébà rẹ̀, èmi ni n ó san án.